Rìsíìtì Owó Orí Àwọn Bàbá Wa Dà?

Ìtàn tí mo gbé wá lónìí, ọ̀rọ̀ owó ni. Lọ́dún tó kọjá, agbowó méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù màmá mi láàárín ọ̀sẹ̀ kan, owó kan náà ni wọ́n ń béèrè. Màmá ní kí ẹnì kejì já rìsíìtì kó tó gbowó. Ó ní òun ń bọ̀. A ò tíì rí i dòní.

Ẹ má rò pé ìjà tuntun nìyẹn. Kí òyìnbó tó dé, oníbodè ló ń gbowó lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò. Òyìnbó wá mú owó orí dé. Ní 1918, ó di ogun nílẹ̀ Ẹ̀gbá, Ogun Àdùbí. Nígbà tó di ìparí àwọn ọdún 1940, Funmilayo Ransome-Kuti kó àwọn obìnrin Abẹ́òkúta jọ láti ta ko owó orí obìnrin. Ẹ̀sùn wọn burú: wọ́n ní àwọn agbowó orí ń bọ́ aṣọ lára ọmọdébìnrin láti mọ̀ bóyá ó ti tó san. Ẹ wo ìyẹn ná! Ní January 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì kúrò lórí oyè.

Àwa ńkọ́? Ṣebí abẹ́ Ìkẹjà Division ní Western Region la wà títí wọ́n fi dá ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 27 May 1967. Ìbàdàn ni ìjọba tó ń pàṣẹ fún wa wà. Nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ ń múra ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ ní January 1955, owó tí wọ́n ní kí kálukú dá bí aráàlú nínú, ó sì wà lára ohun tó jẹ́ kí Action Group fìdí rẹmi nínú ìbò 1954. Síbẹ̀, àwọn tó jàǹfààní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ yẹn pọ̀ nínú gúrúùpù yìí, ẹ̀yin náà mọ ara yín.

Ti Àgbẹ̀kọ̀yà ni mo fẹ́ràn jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ti kúrò lọ́dọ̀ wọn nígbà yẹn. Ní 1968 sí 1969, àwọn àgbẹ̀ yẹn ò sọ pé àwọn ò ní san owó orí rárá. Òkè mẹ́fà ni wọ́n láwọn á san, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè. Wọ́n ní ọ̀nà oko àwọn ò dára, kí wọ́n sì mú àwọn òṣìṣẹ́ káńsù kúrò lọ́rùn àwọn. Ẹ̀mí ṣòfò kí ìjọba tó sọ ọ́ di pọ́n-ùn méjì.

Òfin 1998 to ohun tí káńsù lè gbà lẹ́sẹẹsẹ: owó ṣọ́ọ̀bù, owó ọjà, owó gáréèjì, títí dé owó àríyá àti dídí títì pa. (Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé kánópì sí àárín ọ̀nà ní Saturday, mo ń wò yín o.) Òfin yẹn náà ló ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ dínà láti gbowó.

Kí ló kan Ìpájà níbẹ̀? Láti 2003 la ti ní káńsù Ayọ̀bọ̀-Ìpájà, ṣùgbọ́n kò sí lára ìjọba ìbílẹ̀ 774 tó wà nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè. Orúkọ Alimọ́ṣọ́ ló wà níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ náà ni owó Abuja ń bá wá. Nítorí náà, owó tí àwọn ìyá wa ń san ní ṣọ́ọ̀bù ṣe pàtàkì fún wa gan-an, bó bá dọ́wọ́ akápò káńsù. Èyí tí wọn ò já rìsíìtì fún, ta ló fẹ́ bi akápò léèrè rẹ̀?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo inú àpótí àwọn bàbá àgbà. Bí ẹ bá rí rìsíìtì owó orí àtijọ́, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, kí ẹ kọ orúkọ agboolé sí i. Ẹ̀yin oníṣọ́ọ̀bù, ẹ fi ti ọdún yìí náà ránṣẹ́. Àwa ọ̀dọ́ máa kó gbogbo rẹ̀ lọ bá akápò, ká bi í èwo ló jẹ́ tiwọn nínú wọn. Màmá mi ti fi tiẹ̀ ránṣẹ́.