Ofosu, ìlú ẹnu ibodè Ìdànrè: Igbó ló bí i, igbó náà ló sì ń tán lọ

Bí wọ́n bá dárúkọ Ìdànrè, ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn ni òkè: àpáta ràbàtà tó yí ìlú náà ká, àti àtẹ̀gùn 682 tí àwọn àlejò máa ń gùn kí wọ́n tó dé ìlú àtijọ́ tó wà lórí rẹ̀. Láti ọdún 2007 ni Òkè Ìdànrè ti wà lára àwọn ibi tí orílẹ̀-èdè Nàìjíríà fi orúkọ wọn ránṣẹ́ sí àjọ UNESCO, pé kí wọ́n kà wọ́n mọ́ ogún gbogbo àgbáyé.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Ìdànrè kò parí sí ẹsẹ̀ òkè. Ìjọba ìbílẹ̀ náà gbòòrò dé ọ̀nà gúúsù àti ìlà-oòrùn, níbi tí àpáta ti tán tí igbó kìjikìji sì ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni Ofosu wà, ní ojú ọ̀nà márosẹ̀ tó ti Ṣàgámù gba Ọ̀rẹ̀ lọ sí ìlú Bìní, nítòsí ààlà ìpínlẹ̀ Oǹdó àti ìpínlẹ̀ Ẹdó. Ní ti ètò ìdìbò, Ofosu àti Onisere ni wọ́n pa pọ̀ di wọ́ọ̀dù kan nínú ìjọba ìbílẹ̀ Ìdànrè.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ mọ Ofosu yé ni pé ìlú náà jìnnà sí ilé, ó sì súnmọ́ ìta. Ẹni tó bá fẹ́ gba ọ̀nà ọ̀dà lọ sí ìlú Ìdànrè láti ibẹ̀ yóò kọ́kọ́ padà sí Ọ̀rẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Odígbó, yóò gba ìlú Oǹdó, kó tó wá kọrí sí ìlú àwọn Ìdànrè. Bẹ́ẹ̀, bí ó bá dojú kọ ìlà-oòrùn, kò ní í pẹ́ tí yóò fi bọ́ sí ilẹ̀ Ẹdó. Èyí ló fà á tó fi jẹ́ pé kì í ṣe èdè Ìdànrè nìkan ni ènìyàn ń gbọ́ níbẹ̀. Àwọn àgbẹ̀, agégẹdú àti oníṣòwò láti ẹ̀yà oríṣiríṣi ló ti wá tẹ̀dó sí agbègbè náà.

Iṣẹ́ méjì ló gbé Ofosu ró. Àkọ́kọ́ ni gẹdú. Igbó ọba Ofosu wà lára àwọn igbó tí ìjọba yà sọ́tọ̀, irú èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé igi tàbí dáko nínú rẹ̀ láìgba àṣẹ. Irú igbó bẹ́ẹ̀ ni ìrókò, ọ̀gànwó, afárá, arère àti òpèpè ti máa ń hù. Ọkọ̀ agbégilódò tó di ìtì igi gbàǹgbà-gbàǹgbà kì í ṣe ohun tuntun lójú ẹni tó bá ń rin ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ sí Bìní. Níbi tí wọ́n bá ti gé igi tán, ìjọba a máa gbin melíná tàbí tíìkì rọ́pò. Wọ́n a sì máa jẹ́ kí àgbẹ̀ gbin iṣu, àgbàdo tàbí ẹ̀gẹ́ sáàárín àwọn igi kéékèèké náà fún ìgbà díẹ̀, kí ó lè máa bá wọn ro oko. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ tó gba ọ̀nà yìí wọ igbó ọba ni kò jáde mọ́.

Ìdí tí wọn kò fi jáde ni iṣẹ́ kejì, èyíinì ni kókó. Ìdànrè wà lára àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tó ń pèsè kókó jù lọ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, Oǹdó náà sì wà ní iwájú láàárín àwọn ìpínlẹ̀ tó ń gbin kókó ní Nàìjíríà. Bí àwọn oko àtijọ́ ṣe ń gbó, tí ilẹ̀ wọn kò sì lọ́ràá mọ́, ni àwọn àgbẹ̀ ń wá ilẹ̀ ọ̀tun lọ sínú igbó. Láti nǹkan bí oṣù kẹwàá ni ìkórè ńlá ti máa ń gbóná. Wọn a já èso, wọn a fọ́ ọ, wọn a fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo hóró rẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà, kí wọ́n tó sá a sí oòrùn fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Àpò kan máa ń wọn bíi kílò 64, àpò 16 ló sì ń di tọ́ọ̀nù kan.

Ní ọdún 1986 ni ìjọba tú ìgbìmọ̀ tó ń ra kókó lọ́wọ́ àgbẹ̀ ká. Láti ìgbà náà ni iye tí wọ́n ń rà á lágbàáyé ti ń darí ìgbésí ayé àwọn ará oko tààrà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, tọ́ọ̀nù kan kọjá dọ́là 12,000 lọ́jà òkè òkun, irú èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí, kó tó di pé ó já wálẹ̀ lẹ́yìn náà. Nígbà tí owó kókó bá gun òkè báyìí, igbó ló ń forí fá a.

Ojú ọ̀nà yìí náà ti rí ogun rí. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹjọ ọdún 1967 ni àwọn ọmọ ogun Biafra, tí ọmọ Yorùbá kan, Victor Banjo, jẹ́ olórí wọn, wọ ìlú Bìní. Ọ̀nà Ofosu ni wọ́n tọ̀ dé Ọ̀rẹ̀, níbi tí àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ ti dá wọn padà. Ní ogúnjọ́ oṣù Kẹsàn-án ọdún náà ni ìjọba àpapọ̀ gba Bìní padà. Ìjà yẹn ni àwọn Yorùbá ń tọ́ka sí títí dòní tí wọ́n bá ní, "Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀."

Ìjà tó wà níbẹ̀ lónìí kò ní ìbọn nínú tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó le. Àwọn onímọ̀ ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ìnàkí ṣì wà nínú àwọn igbó Ìdànrè, lára ẹ̀yà tó kéré jù lọ ní iye láàárín gbogbo ẹ̀yà ìnàkí ayé. Nítorí iṣẹ́ tí Rachel Ikemeh ń ṣe láti dáàbò bo àwọn ìnàkí gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà ni wọ́n ṣe fún un ní ẹ̀bùn Whitley ní ọdún 2020. Ìnàkí kò lè gbé inú oko kókó. Bákan náà, ọ̀rọ̀ ààbò ti mú kí igbó ọba di ohun tí gbogbo orílẹ̀-èdè ń sọ. Ní oṣù Kìíní ọdún 2021 ni Gómìnà Rótìmí Akérédolú, tó ti di olóògbé báyìí, fún àwọn darandaran ní ọjọ́ méje láti kúrò nínú àwọn igbó ọba ìpínlẹ̀ Oǹdó. Àṣẹ náà dá àríyànjiyàn ńlá sílẹ̀ títí dé Àbújá.

Èyí tó yẹ kí àgbẹ̀ kókó Ofosu fetí sí jù ni òfin tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ṣe ní ọdún 2023. Òfin náà ní wọn kò ní í ra kókó tó bá wá láti ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ run lẹ́yìn ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá ọdún 2020. Oníṣòwò gbọ́dọ̀ lè tọ́ka sí oko tí kókó ti wá gan-an. Wọ́n ti sún ìgbà tí yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ṣùgbọ́n wọn kò pa á rẹ́. Yúróòpù sì ni oníbàárà kókó wa tó tóbi jù.

Kí ni yóò wá di ti àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ wà nínú igbó ọba, tí kò ní ìwé ilẹ̀, tó sì ti fi kókó náà rán ọmọ ní ilé ìwé? Bí ìjọba bá lé e, ebi dé. Bí ìjọba bá sì fi í sílẹ̀ láìṣètò, igbó yóò tán, ọjà náà lè tì mọ́ ọn lójú. Ohun tó kù ni kí ìjọba àti àwọn àgbẹ̀ jọ jókòó, kí wọ́n ya àwòrán oko tó ti wà tipẹ́ sọ́tọ̀, kí wọ́n sì fi ààlà sí èyí tí kò gbọdọ̀ tún wọ igbó. Igi gànnàkù tí kò ní gún ni lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.