Borley Rectory

Borley Rectory jẹ́ ilé àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ní abúlé Borley, ní agbègbè Essex, ní orílẹ̀-èdè Ẹ̀ńgíláńdì. Wọ́n kọ́ ọ ní ọdún 1862 fún Àlùfáà Henry Dawson Ellis Bull. Ó di gbajúmọ̀ nítorí ìròyìn pé iwin sísítà kan máa ń rìn nínú ọgbà rẹ̀. Iwin yìí yàtọ̀ sí àkúdàáyà, ẹni tí àwọn Yorùbá gbà pé ó máa ń sá lọ sí ìlú tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n. Iwin Borley so mọ́ ilé kan, nítorí náà ènìyàn lè lọ ṣọ́ ọ.

Ìṣọ́ òru

Ní ọdún 1937, olùwádìí Harry Price háyà ilé náà fún ọdún kan. Ó polówó nínú ìwé ìròyìn The Times, ó sì yan ènìyàn 48 láti máa ṣọ́ ọ, pàápàá ní òpin ọ̀sẹ̀. Wọ́n máa ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà yí àwọn nǹkan ká, kí wọ́n lè mọ̀ bí ọ̀kan bá kúrò ní ààyè rẹ̀.

Àbájáde

Iná jó ilé náà ní oṣù Kejì ọdún 1939. Wọ́n wó o ní ọdún 1944. Price kọ ìwé méjì nípa rẹ̀, ó sì kú ní ọdún 1948. Ní ọdún 1956, àwọn olùwádìí mẹ́ta láti ẹgbẹ́ Society for Psychical Research sọ pé eku àti bí ìró ṣe ń dún nínú ilé náà ló fa ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n gbọ́. Wọ́n tún fura pé Price fúnra rẹ̀ ló ṣe àwọn kan nínú wọn.