Ìkógun Kì í Ṣe ti Ẹnìkan: Ọrọ̀ Òjijì Lọ́wọ́ Àwọn Ológun Ìbàdàn

Ibùdó ogun ni Ìbàdàn kí ó tó di ìlú. Nígbà tí àwọn ọmọ-ogun Ifẹ̀, Ọ̀yọ́, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá fìdí kalẹ̀ síbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1829, lẹ́yìn tí ìlú Òwu ti fọ́, kò sí adé tí wọ́n bá nílẹ̀, kò sì sí oyè tí baba fi sílẹ̀ fún ọmọ. Ẹni tí apá rẹ̀ bá ká ogun ni ìlú ń gbé oyè lé lórí. Bẹ́ẹ̀ ni ó fi rí ní Ìbàdàn fún bí ọgọ́ta ọdún, tí ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò ní ju ìbọn ṣakabùlà kan àti ẹ̀tù ìwọ̀nba lọ fi lè tẹ̀ lé ọ̀gá rẹ̀ jáde nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí òjò tó dé kí ó sì ti di ẹni tí àwọn onílù ń kì.

Kí ni ọrọ̀ náà? Ènìyàn ni. Lóòótọ́, ẹṣin àti ẹrù wà nínú ìkógun, pàápàá ní Òṣogbo ní nǹkan bí ọdún 1840, nígbà tí Ìbàdàn ṣẹ́gun àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin. Ṣùgbọ́n àwọn tí a mú lẹ́rú ni ológun ń kà kí ó tó mọ iye tí òun ní. Apá kan nínú wọn jẹ́ ti ọ̀gá tí ó fún un ní ìbọn. Nínú èyí tí ó kù, ó ń ta díẹ̀ sí ọ̀nà Ìjẹ̀bú tàbí ti Ẹ̀gbá láti fi ra ìbọn àti ẹ̀tù, ó ń rán díẹ̀ lọ sí oko, àwọn tí àyà wọn sì le nínú wọn ni ó ń fi ìbọn lé lọ́wọ́ kí wọ́n lè bá a jagun ní ọdún tí ń bọ̀. Ọmọ ọlọ́mọ ni gbogbo wọn, tí a já gbà kúrò ní ilé baba wọn. A kò gbọdọ̀ fi ẹnu dídùn bo èyí mọ́lẹ̀ nígbà tí a bá ń ki àwọn akọni.

Ológun tí ọrọ̀ bá dé bá kò ní àyè láti jókòó tì í. Àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé; nítorí náà ó ní láti kọ́ agbo ilé tí yóò gba àwọn tí ń wá sá di í, kí ó máa bọ́ wọn, kí ó ra ẹṣin, kí ó náwó oyè fún àwọn ìjòyè, kí ó sì dá àwọn onílù lọ́lá. Ọ̀kẹ́ kan owó ẹyọ jẹ́ 20,000 ẹyọ, ọ̀pọ̀ ọ̀kẹ́ sì ń bá irú ìnáwó bẹ́ẹ̀ lọ. Bí owó bá tán, gbèsè ni ó kù: ọ̀pọ̀ jagunjagun ni ó gba ìbọn àti ẹ̀tù àwìn lọ́wọ́ Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn, pẹ̀lú ìrètí pé ogun tí ń bọ̀ ni yóò san án. Báyìí ni ogun kan fi ń bí òmíràn.

Àwọn kan wà tí wọ́n fi ìkógun dá oko. Baṣọ̀run Olúyọ̀lé fúnra rẹ̀, tí ó kú ní 1847, ní oko ilá lọ́tọ̀, ti ẹ̀wà lọ́tọ̀, ti àgbàdo àti ti iṣu lọ́tọ̀. Ọjọ́ tí irè kan bá sì ti oko rẹ̀ wọ ọjà, àgbẹ̀ mìíràn kò gbọdọ̀ ta irú rẹ̀. Balógun Ìbíkúnlé, tí ó ṣáájú ogun Ìjàyè láti 1860 títí ìlú náà fi fọ́ ní 1862, ni a mọ̀ sí olóko ńlá àti olórí àdúgbò Ayéyè, ilé rẹ̀ sì kún fún ènìyàn.

Ṣùgbọ́n kíkún náà ni ewu. Nígbà tí Látòósà di Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò àti olórí Ìbàdàn ní 1871, ẹni tí ó bá ní ènìyàn àti ìbọn tó láti dá dúró ni ó di ẹni ìfura. Ní 1874 Látòósà àti àwọn ìjòyè yọ Ẹfúnṣetán lóyè. Ara ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí i lẹ́sẹ̀ ni pé kò fi nǹkan ogun ránṣẹ́ sí wọn ní ojú ìjà, kò sì jáde wá pàdé Ààrẹ nígbà tí ó ń bọ̀ láti ogun. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí wọ́n fi pa á. Ní 1877 ó kan Ìyápọ̀ ọmọ Ìbíkúnlé, Sẹ̀ríkí Ìbàdàn, tí àwọn ìjòyè fipá mú láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ikú. Ohun tí baba kó jọ ni ó pa ọmọ.

Ọdún 1877 kan náà ni ogun Kírìjì, ogun ńlá tí Ìbàdàn jà kẹ́yìn, bẹ̀rẹ̀. Látòósà kú sí ibùdó ogun náà ní 1885, wọ́n ṣe àdéhùn àlàáfíà ní 1886, síbẹ̀ ó di 1893 kí àwọn ibùdó tó tú pátápátá, ní ọdún tí Ìbàdàn tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Láti ìgbà náà, ọ̀nà ìkógun dí, ọ̀pọ̀ ọmọ-ogun sì di àgbẹ̀ oníkòókó.

Ìdájọ́ mi ni pé ọrọ̀ tí a fi ìbọn gbà kò di ti ẹni tí ó gbà á rí: ọ̀gá ní ìpín nínú rẹ̀, olówó àwìn ń retí, ìlú ń ṣọ́ ọ. Ẹni tí ó san gbogbo iye rẹ̀ ni ẹrú tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú oríkì kankan. Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ ẹ̀yin mọ́gàjí àti ẹ̀yin àgbà agbo ilé: bí ẹ bá ń kọ ìtàn ilé yín sílẹ̀, ẹ kọ ti àwọn tí a mú wá pẹ̀lú, ìlú tí wọ́n ti wá, oko tí wọ́n ro àti ọmọ tí wọ́n bí, nítorí ọmọ wọn ni ọ̀pọ̀ nínú wa.