Ìdójútòfò ìrìnàjò

Àpólà-orúkọ. Àdéhùn tí arìnrìn-àjò bá ilé-iṣẹ́ adójútòfò ṣe kí ó tó gbéra, tí ó sì san owó lé lórí, pé bí àìsàn, ìjàǹbá, olè tàbí ìfagilé ìrìnàjò bá dé bá a, ilé-iṣẹ́ náà ni yóò gbé ìnáwó rẹ̀ dé ìwọ̀n tí ìwé àdéhùn sọ. Ọ̀rọ̀ àyálò tí a sábà ń gbọ́ fún un ní ìgboro Èkó ni ìnṣọ́ránsì ìrìnàjò.

Ìṣẹ̀dá. Láti ara dójú tì ni ìdójútòfò ti wá. A fi àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ì- mọ́ dójú tì òfò, a sì pa fáwẹ̀lì tì jẹ. Bí a bá fi a- rọ́pò ì-, a ó ní adójútòfò, ẹni tàbí ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe iṣẹ́ náà. Ẹni tí ó kọ́kọ́ hun ọ̀rọ̀ yìí mọ èdè í lò: kò sọ pé òfò kò ní dé, ohun tí ó sọ ni pé bí ó bá dé, ojú yóò tì í. Síbẹ̀, orúkọ náà ṣèlérí ju ohun tí ìwé àdéhùn ń fúnni lọ, ibẹ̀ gan-an sì ni àṣìlò rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ìlò. Ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ ìdójútòfò sábà ń gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Alímọ̀ṣọ́. Èkíní ni ti ọkọ̀, ìwé tí ọlọ́pàá ń béèrè lójú pópó, èyí tí owó rẹ̀ fún ọkọ̀ àdáni kúrò ní 5,000 náírà, tí ó di 15,000 náírà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. Èkejì ni ti físà: ẹni tí ó bá fẹ́ wọ àwọn orílẹ̀-èdè Schengen ní Yúróòpù gbọ́dọ̀ mú ìwé ìdójútòfò ìrìnàjò tí kò dín ní 30,000 yúrò fún ìtọ́jú pàjáwìrì àti ìdápadà sílé. Nítorí ọ̀nà méjèèjì yìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ìwé tí a ń fi han òṣìṣẹ́ ìjọba ni, kì í ṣe ìwé tí a ń kà.

“Ẹ̀gbọ́n, kí ni wọ́n kọ sínú ìnṣọ́ránsì tí ẹ gbà yẹn?” “Àbúrò mi, físà ni mo fi gbà. N kò tíì ṣí i wò.”

Ìtumọ̀ òfò nínú àpólà yìí. Ní ọjà Ìkòtún, ohunkóhun tí ó bá mú owó dín kù lọ́wọ́ ẹni ni òfò: ọjà tí ó bàjẹ́, oníbàárà tí ó sá lọ, owó tí iye rẹ̀ já wálẹ̀ mọ́jú. Òfò ti adójútòfò kò gbòòrò tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lójijì sí ara tàbí ẹrù arìnrìn-àjò ni, tí ó ní ọjọ́, tí ó ní ẹ̀rí: ìwé dókítà, ìwé ọlọ́pàá, ìwé ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú. Ìyàtọ̀ yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn nígbà tí nǹkan bá rọgbọ. Nígbà tí ènìyàn bá ń lọ sí orílẹ̀-èdè tí ọrọ̀-ajé rẹ̀ ti dẹnu kọlẹ̀ ni ó máa ń hàn kedere.

Gánà ni àpẹẹrẹ tí ó sún mọ́ wa jù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, nǹkan bíi sídì mẹ́fà ni dọ́là kan. Kí oṣù Kọkànlá tó parí, ó ti lé ní mẹ́rìnlá. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kejìlá ọdún náà, ìjọba Gánà kéde pé òun dáwọ́ sísan èyí tí ó pọ̀ jù nínú gbèsè òkèèrè dúró, ọ̀wọ́ngógó ọjà sì dé ìdá 54.1 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù kan náà. Oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni àjọ IMF tó fọwọ́ sí ìrànlọ́wọ́ bílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là.

Ẹ jẹ́ kí a wo oníṣòwò kan tí ó gbéra láti Ìgàndó ní àkókò náà. Yóò gba ọ̀nà LASU já sí Ìyànà-Ìbá, yóò kọjá ní Sèmè, yóò la Kútọnù àti Lomé kọjá, yóò wọ Gánà ní Aflao. Ẹnikẹ́ni kò ní béèrè físà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí àdéhùn ECOWAS fún ọmọ orílẹ̀-èdè kan láyè láti lo àádọ́rùn-ún ọjọ́ ní òmíràn. Níwọ̀n bí kò sì ti sí físà, kò sí ẹni tí yóò rán an létí ìdójútòfò. Sẹ́fà ni yóò ná ní Benin àti Tógò, owó tí a so mọ́ yúrò ní 655.957 sí ẹyọ kan, èyí tí kì í yẹ̀ láàárín òwúrọ̀ sí alẹ́. Bí ó bá wá ṣẹ́ gbogbo owó rẹ̀ sí sídì ní Aflao, tí ó sì lo oṣù kan ní Accra, apá kan owó náà yóò ti yọ́ kí ó tó ra ọjà tán. Òfò ni lójú rẹ̀, òfò sì ni lójú wa. Ṣùgbọ́n àdéhùn ìrìnàjò kì í san iye owó tí ó já wálẹ̀. Bí ibà bá gbé obìnrin yìí dè ní Accra ní ọ̀sẹ̀ kan náà, tí ó sì ní ìwé náà lọ́wọ́, ìyẹn ni adójútòfò máa gbọ́.

Ohun tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Gbólóhùn yìí, tàbí èyí tí ó jọ ọ́, wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn, ó sì yẹ kí a túmọ̀ rẹ̀ dáadáa: ìṣẹ̀lẹ̀ tí ìròyìn ti gbé kí oníbàárà tó ra àdéhùn kò sí lábẹ́ ìdójútòfò. Ẹni tí ó ra ìwé ní ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá ọdún 2022, tí ó wá fagi lé ìrìnàjò Accra nítorí ìkéde ọjọ́ kejìdínlógún lé ọ̀kan, kò ní ẹjọ́ kan láti rò. Kódà ẹni tí ó ti rà á ṣáájú kò ní rí nǹkan gbà bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀rù ló bà á. Ìyípadà ọkàn kì í ṣe òfò. Ìwọ́gbèsè ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú tàbí ti òtẹ́ẹ̀lì tún dá dúró: a kì í san án àfi bí ìwé bá dárúkọ rẹ̀.

Ọ̀dá owó àti ìdẹnukọlẹ̀ ọrọ̀-ajé. A máa ń fi ọ̀kan pe èkejì, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ohun kan náà. Ní Gánà ní ọdún 2022, sídì wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ, iye rẹ̀ ni kò sí. Ọ̀dá owó ni ti Gíríìsì ní oṣù Kẹfà ọdún 2015, nígbà tí a ti ilé ìfowópamọ́ pa, tí ará ìlú kò sì lè gbà ju 60 yúrò lójúmọ́ lọ nídìí ẹ̀rọ. Káàdì àwọn àlejò kò sí lábẹ́ òfin náà, síbẹ̀ ìjọba Ìlú Ọba gba àwọn arìnrìn-àjò rẹ̀ níyànjú láti kó yúrò tí ó tó dání. Ìmọ̀ràn tó dára ni, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀yìn: ọ̀pọ̀ àdéhùn ló fi òdiwọ̀n kékeré sí owó tí wọn yóò san bí olè bá gbé èyí tí ènìyàn kó dání. Ẹni tí ó ṣọ́ra fún ilé ìfowópamọ́ ti tipa bẹ́ẹ̀ kó owó tí kò ní alábòójútó sínú àpò.

Ọ̀dá owó náà ni tiwa ní oṣù Kejì ọdún 2023, àwa gan-an ni a sì di orílẹ̀-èdè tí àlejò ń bẹ̀rù. Lẹ́yìn tí Báńkì Àpapọ̀ ti mú owó bébà tuntun jáde ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá ọdún 2022, tí ó sì fi gbèdéke sí ti àtijọ́, owó bébà dàwátì. Ìlà gùn níwájú àwọn báńkì ní Ẹgbẹ́dá, àwọn oníPOS ń ta owó bí ẹní ń ta iyọ̀, owó tí a fi fóònù ránṣẹ́ sì ń há sójú ọ̀nà. Ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ni Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ tó dájọ́ pé kí a máa ná owó àtijọ́ títí di òpin ọdún náà. Ọmọ Ìkòtún tí ó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù, tí ó wálé sìnkú ìyá rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn, lè ní ìdójútòfò tó péye lọ́wọ́. Bí ara rẹ̀ kò bá yá, ìwé náà yóò sanwó. Ṣùgbọ́n ìgbà wo?

San ná, kí o tó béèrè. Ìbéèrè yẹn ni ó wúlò jù fún ẹni tí ń lọ sí irú orílẹ̀-èdè bẹ́ẹ̀. Àdéhùn kan wà tí ó jẹ́ pé oníbàárà ni yóò kọ́kọ́ sanwó ilé ìwòsàn, tí yóò kó rìsíìtì padà sílé, kí wọ́n tó dá owó rẹ̀ padà. Òmíràn wà tí adójútòfò yóò bá ilé ìwòsàn sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ lórí fóònù, tí yóò sì san owó náà tààrà. Níbi tí báńkì ti ń ṣiṣẹ́, ìyàtọ̀ méjèèjì kò ju ti sùúrù lọ. Níbi tí owó ti wọ́n, tí ilé ìwòsàn aládàáni sì fẹ́ rí owó ìdókòwò kí dókítà tó fọwọ́ kan aláìsàn, ìyàtọ̀ náà lè jẹ́ ti ẹ̀mí. Èrò tèmi ni pé nọ́ńbà fóònù pàjáwìrì tí ó wà lẹ́yìn ìwé náà níye lórí ju iye ńlá tí wọ́n kọ sójú rẹ̀ lọ. Kí ènìyàn dà á kọ sórí bébà, kí ó sì fi ọ̀kan sílẹ̀ fún ará ilé. Kí ó sì kọ ọjọ́ àti iye tí a ń ṣẹ́ owó sí ẹ̀yìn rìsíìtì kọ̀ọ̀kan, nítorí sídì tàbí náírà ọjọ́ tí ó sanwó lè má jẹ́ ti ọjọ́ tí wọn yóò ṣírò rẹ̀.

Àṣìlò. (1) Káàdì Búráùn ti ECOWAS, èyí tí a fọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀ ní Kútọnù ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1982, kì í ṣe ìdójútòfò ìrìnàjò. Ti ọkọ̀ ni: ẹlòmíràn tí ọkọ̀ wa bá ṣe léṣe lẹ́yìn odi ni ó wà fún. Awakọ̀ tí ó ní in lè wà láìní ìdójútòfò kankan fún ara rẹ̀. Káàdì yẹ́lò tí wọ́n ń béèrè ní ẹnubodè tilẹ̀ tún jìnnà sí i. Ti abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú ni.

(2) Gbà-máà-bínú kò bá owó tí adójútòfò ń san mu, bí àwọn ìwé ìròyìn tilẹ̀ ń lò ó. Ẹni tí ó ṣẹni ní ń fúnni ní gbà-máà-bínú, ìfẹ́ inú rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Adójútòfò kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ohun tí a ti sanwó fún ni a ń gbà. Ẹ kọ owó òfò tàbí owó ẹ̀tọ́.

Àpẹẹrẹ. Ìyá Bọ́lá ra ìdójútòfò ìrìnàjò kí wọ́n tó lọ sí Accra. • Ìdójútòfò ìrìnàjò mi san owó ilé ìwòsàn, kò san owó tí mo pàdánù nídìí ṣíṣẹ́ owó. • “Ẹ jọ̀wọ́ sà, ṣé ẹ̀yin lẹ máa bá ilé ìwòsàn sanwó ni, àbí èmi ni màá kọ́kọ́ san?”

Tún wo: òfò, ọ̀dá owó, gbà-máà-bínú, ìwọ́gbèsè.