Ibi tí Ìkórìíra Àwọn Júù ti Ṣẹ̀ Wá

Lọ́jọ́ Ẹtì tó ṣáájú Àjíǹde, bí wọ́n ti ń ka ìtàn ikú Jésù ní Kàtídírà Sacred Heart l'Ákùrẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni ní St Stephen's l'Óǹdó. Ìtàn yìí gan-an ni wọ́n fi di ẹ̀bi ikú náà ru gbogbo Júù ní Yúróòpù fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, bẹ́ẹ̀ sì rèé, Júù ni Jésù àti àwọn àpọ́sítélì rẹ̀.

Lọ́dún 1215, ìgbìmọ̀ ìjọ Àgùdà pàṣẹ aṣọ ìdánimọ̀ fún wọn. Níbi púpọ̀, wọn kò jẹ́ kí wọ́n ní ilẹ̀ tàbí wọ ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́. Nígbà tí àwọn kan wá ń yáni lówó èlé, wọ́n tún pè wọ́n ní ọ̀dájú. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lé wọn jáde ní 1290, Sípéènì ní 1492. Nígbà àjàkálẹ̀ àrùn 1348, wọ́n purọ́ mọ́ wọn pé wọ́n da májèlé sí kànga.

Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ kúrò ní ti ẹ̀sìn, ó di ti ẹ̀yà: láàárín 1941 sí 1945, ìjọba Hitler ní Jámánì pa nǹkan bíi mílíọ̀nù 6 Júù.

Ní ọjọ́ 28, oṣù Kẹwàá, 1965, ìjọ Àgùdà kéde pé a kò gbọdọ̀ di ẹ̀bi ikú Jésù ru gbogbo Júù. Ìka tó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé.