Bí Ìṣirò Owó àti Kọ̀ǹpútà Ṣe Di Ẹ̀kọ́ Kan: Ojú Lọ́kọ́ja

Kí kọ̀ǹpútà tó dé, owó ti ní akọ̀wé ní Lọ́kọ́ja. Royal Niger Company ti ń ṣòwò níbi tí odò Ọya àti Bẹ́núè ti pàdé kí Lugard tó fa àsíá Gẹ̀ẹ́sì sókè níbẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní, 1900.

Lókè òkun, àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì ló kọ́kọ́ gbé kọ̀ǹpútà wọ ọ́fíìsì. Ilé iṣẹ́ J. Lyons, alátíì àti alákéèkì ní Lọ́ńdọ̀nù, ló fi kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ LEO ṣírò owó ọjà rẹ̀ ní 1951. Lọ́dọ̀ tiwa, iṣẹ́ akáńtáǹtì àti iṣẹ́ kọ̀ǹpútà gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Akíntọ́lá Williams ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di akáńtáǹtì àgbà, ní 1949. Òfin tó dá ICAN, ẹgbẹ́ àwọn akáńtáǹtì, sílẹ̀ jáde ní 1965. Nígbà tó di 1993, ìjọba ológun ṣòfin fún ANAN, ẹgbẹ́ akáńtáǹtì kejì, ó sì ṣe òmíràn fún CPN tó ń bójú tó àwọn oníkọ̀ǹpútà. Ọdún kan náà, àgbàlá méjì.

Owó oṣù ló wá fà wọ́n pọ̀. IPPIS, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń san owó oṣù, bẹ̀rẹ̀ ní 2007 láti lé òṣìṣẹ́ ayédèrú kúrò lórí ìwé owó oṣù ìjọba àpapọ̀. Ní 2015, TSA, àpò owó kan ṣoṣo ti ìjọba àpapọ̀, kó owó ìjọba jọ sí CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà. Láti ìgbà náà, fáúṣà nìkan kò tó ayẹ̀wé-owó-wò mọ́. Ta ló láṣẹ láti fi orúkọ kún àkójọ? Ta ló fọwọ́ sí i? Àbí ẹnì kan náà ni? Nígbà tí wọ́n yí nọ́ńbà báńkì ẹnì kan padà, ṣé kọ̀ǹpútà kọ ọ́ sílẹ̀? Akáńtáǹtì tí kò mọ inú ẹ̀rọ kò ní rí ìdáhùn. Oníkọ̀ǹpútà tí kò mọ ìṣirò owó kò tilẹ̀ ní mọ ohun tó yẹ kó wá.

Lọ́kọ́ja, olú ìlú Kogí láti 1991, mọ ọ̀rọ̀ yìí dunjú. Àyẹ̀wò òṣìṣẹ́ tí ìjọba ìpínlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2016 fa awuyewuye tó pọ̀. Ti àwọn fásitì ìjọba àpapọ̀, tí Federal University Lokoja tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2011 jẹ́ ọ̀kan lára wọn, tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ: ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ fásitì, kọ IPPIS, wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀ ní 2020, wọ́n sì gbé ètò tiwọn, UTAS, kalẹ̀. Ìparí 2023 ni ìjọba tó gbà kí àwọn fásitì jáde nínú IPPIS. Lójú tèmi, kò sí kíláàsì tó kọ́ wa ní ìdí tí ẹ̀kọ́ méjèèjì fi gbọ́dọ̀ wà pọ̀ tó ìjà yẹn.

Ẹ̀yin tó fẹ́ ra fọ́ọ̀mù másítà nínú ìṣirò owó àti kọ̀ǹpútà, ẹ kọ́kọ́ béèrè ìwé ìlànà ẹ̀kọ́ náà lọ́wọ́ fásitì. Bí àyẹ̀wò ètò kọ̀ǹpútà kò bá sí nínú rẹ̀, ẹ wá ibòmíràn lọ.