Frederick Terman: Olùkọ́ Tó Sọ Iṣẹ́ Rédà Di Ọrọ̀ Ìlú

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí a bá ti pàdé báyìí, ohun tá a máa ń bi ara wa ni pé ta ló ti lọ sókè òkun. Ọ̀rọ̀ yìí ká olùkọ́ kan lára rí.

Ọdún 1900 ni wọ́n bí Frederick Terman ní ìpínlẹ̀ Indiana, l'Amẹ́ríkà. Yunifásítì Stanford ní California ló ti kàwé, kó tó gboyè ọ̀mọ̀wé ní MIT lọ́dún 1924. MIT fẹ́ gbà á síṣẹ́, àmọ́ nígbà tó wá kí àwọn òbí rẹ̀ nílé, ikọ́ jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ dá a dùbúlẹ̀ fún bí ọdún kan. Bí Stanford ṣe rí i gbà nìyẹn.

Ohun tó ń dùn ún ni pé bí àwọn ọmọ tó kọ́ bá ti jáde, ìlà oòrùn Amẹ́ríkà ni wọ́n ń sá lọ wáṣẹ́. David Packard ti wà ní General Electric nígbà tí Terman bá a wá owó ẹ̀kọ́ kó lè padà wálé. Lọ́dún 1939, òun àti William Hewlett fi dọ́là 538 dá Hewlett-Packard sílẹ̀ nínú ilé tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí.

Nígbà tí ogun dé, Terman di ọ̀gá ibi ìwádìí kan ní Harvard lọ́dún 1942, òṣìṣẹ́ ibẹ̀ sì ju 800 lọ. Iṣẹ́ wọn ni láti fọ́ rédà ọ̀tá lójú. Ṣé ẹ mọ̀ pé rédà ń rán ìgbì rédíò jáde. Tó bá kan bàálù, á ta padà, wọ́n á sì mọ ibi tí bàálù wà. Àwọn Terman ṣe ẹ̀rọ tó ń fi ariwo bo ìgbì náà mọ́lẹ̀. Wọ́n tún gé aluminíọ̀mù wẹ́wẹ́ tí bàálù ń dà sílẹ̀ lójú ọ̀run, tí rédà á máa rò pé bàálù ló pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ogun parí, ó kó díẹ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ yẹn padà sí Stanford. Ilé iṣẹ́ Varian, tó ń ṣe ẹ̀rọ microwave, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gba ilẹ̀ yunifásítì láti fi ṣe iléeṣẹ́. Agbègbè yẹn ló di Silicon Valley. Terman kú lọ́dún 1982.

Àmọ́ kó tó kú, Hewlett àti Packard ti gbé owó ńlá kalẹ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ ẹnjiníà tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè lọ́dún 1977. Wọ́n ti wó ilé yẹn báyìí, iṣẹ́ rẹ̀ kò wó. Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ló ń gbẹ. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, yàrá ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì wa ń wo ojú wa o.